Àwòrán Kẹrin Ìyá Bọ́sẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ lè wá bú mi bó ṣe wù yín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀, n kò sọ ọ́ fún ọmọ mi kankan. Mo ba ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Orúkọ rẹ̀ kọ́ ni mo bà jẹ́, ìyẹn ì bá sàn. Mo mú un gbà pé iyè rẹ̀ ti ra, nígbà tí iyè rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé báyìí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ku èmi nìkan láyé tó mọ̀ ọ́n. Mo sì parọ́ fún un.

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ìlú Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀kà náà ni mo sì wà títí dòní. Orúkọ tí mo fẹ́ lò níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá wọn kiri.

Ìlú Àjọwá ni Ìyá Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi náà, ti wá. Wọ́n gbé e níyàwó wá sí ilé kejì sí tiwa nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èdè ilé wọn yàtọ̀, Yorùbá kò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, àwọn ìyàwó ilé á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo mú un jókòó tí mo kọ́ ọ bó ṣe máa kí ìyá ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní "Tíṣà mi." Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí a fi jọ ń ṣe é. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí èmi àti ẹ̀ jà.

Kò kàwé, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ bá a du ohun tó ti kọjá. Ó mọ ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìwé. Ó mọ ìyá tó bí ìyá ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fi gègé kọ́ ọmọ aráyé, òun ni mo máa ń bi ní ọjọ́ tí mo bí ọmọ mi ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Á ní, "Tíṣà, ọjọ́ tí ewúrẹ́ yín já ni. Ọjọ́rú." Òótọ́ ni yóò sì jẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn kan gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá fún ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ obìnrin. Gbọ̀ngàn ìjọ wa ni wọ́n kó o sí, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà nítorí pé mo mọ̀wé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbìn, bóyá òjò rọ̀, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀gẹ́. Kọ̀ǹpútà náà á wá fi ohùn sọ ìròyìn òjò fún un. Tómi, ọmọbìnrin kan tó máa ń ti Àkúrẹ́ wá lóṣooṣù, ló ń kọ́ wa.

Àwọn tí kò kàwé pọ̀ nínú wa, nítorí náà wọn kò lo páásíwọ́ọ̀dù oní lẹ́tà. Àwòrán ni. Bí o bá ti fọwọ́ kan orúkọ rẹ, ogún àwòrán á bo ojú kọ̀ǹpútà: àkùkọ, agogo, iṣu, ọkọ̀, ìgbálẹ̀, oríṣiríṣi. Mẹ́rin nínú wọn ni o máa yàn, pẹ̀lú èyí tó máa ṣáájú àti èyí tó máa tẹ̀ lé e. Bí o bá ti fọwọ́ kàn wọ́n bí o ṣe tò wọ́n, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Bí o bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ọjọ́ kejì. Tómi ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ yan ohun tí ẹ kò lè gbàgbé láéláé. Ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà bàbá tó wà nílé."

Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà. Ìyá kan yan àkùkọ tán, ó yíjú sí gbogbo ilé, ó ní, "Àkùkọ ni mo mú o!" Tómi fọwọ́ sórí. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní tirẹ̀ fi ìborùn bo kọ̀ǹpútà àti orí ara rẹ̀ pa pọ̀. Mo ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé àlè lo kó síbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà mi, o ò ní pa mí." Ìgbà tó ṣí ìborùn kúrò, mo rò pé omi ẹ̀rín nìkan ló wà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ẹgbẹ́ wa lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Èkó. Ó di pé kí a yan ẹlòmíràn, àwọn àlejò tó fún wa ní kọ̀ǹpútà sì ń bọ̀ wá wò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ta ló ń tan ẹ̀rọ? Èmi. Ta ló mọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò sọ sí àlejò? Èmi. Ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ni àwọn fẹ́. Ẹnìkan tún là á mọ́lẹ̀ lójú mi pé, "Tíṣà gbọ́n o, àmọ́ bí ọmọ praimárì ló ṣe máa ń bá wa wí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo kọ́ ní "ẹ kú àárọ̀"!

Mo fẹ́ kí ojú tì í níwájú àlejò lẹ́ẹ̀kan péré. Mo búra, lẹ́ẹ̀kan péré ni mo rò.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ sóko, mo ṣí gbọ̀ngàn. Mo fọwọ́ kan orúkọ Ìyá Bọ́sẹ̀. Ogún àwòrán yọ.

Mo mọ ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fi ṣe é. Agogo yóò jẹ́ Bọ́sẹ̀, torí agogo ìsìn ń lù lọ́wọ́ nígbà tó bí i. Ọkọ̀ yóò jẹ́ Fẹ́mi, inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìkàrẹ́ ló bí i sí. Iṣu yóò jẹ́ Yẹmí, tí wọ́n bí nígbà iṣu tuntun. Ó ku ẹyọ kan. Mo fi fìlà kún un lẹ́yìn, mo ní ti ọkọ rẹ̀ ni. Ó kọ̀. Mo gbé fìlà síwájú. Ó kọ̀.

Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sára ẹyẹ funfun kan níkọ̀rọ̀ òkè. Lékeléke ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Kí wọ́n tó bí Bọ́sẹ̀, ọmọkùnrin kan wà. Délé ni orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, Ìyá Délé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bá sọ èdè Àjọwá, ọmọ náà á sì máa dá a lóhùn wẹ́wẹ́. Bí lékeléke bá ti ń kọjá, Délé á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa gbọn ìka, pé kí ẹyẹ fún òun ní funfun. Á wá sáré wá bá wa kí a wo èékánná rẹ̀ bóyá funfun ti wọ̀ ọ́. A máa ń sọ pé ó ti wọ̀ ọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí èéyi fi mú un lọ.

Ẹ mọ àṣà wa. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Èmi ni wọ́n ní kí n dì í mú nínú yàrá títí àwọn ọkùnrin fi lọ tí wọ́n fi dé. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kó nu ojú kí èyí tó ń bọ̀ lè dúró. Kí oṣù tó tán, kò sí ẹni tó pè é ní Ìyá Délé mọ́. Bọ́sẹ̀ dé, ó di Ìyá Bọ́sẹ̀. Kò sọ èdè Àjọwá sí àwọn ọmọ tó kù. Kò dárúkọ Délé fún wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀gbọ́n.

Mo fọwọ́ kan lékeléke. Agogo. Ọkọ̀. Iṣu. Ó ṣí.

Mo mọ ohun tí mo ń wò. Ibi kan ṣoṣo láyé tí obìnrin yìí ti ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ pé ni mo já wọ̀. Ó yẹ kí n pa ẹ̀rọ náà kí n máa lọ sílé. N kò lọ. Mo pààrọ̀ àwòrán rẹ̀ sí àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lójú: ìgbálẹ̀, àga, bàtà, ìkòkò.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò pé. Ìyá Bọ́sẹ̀ wọ aṣọ òkè tó fi ṣe ìgbéyàwó Yẹmí. Ó jókòó síwájú àlejò, ó fi ìborùn bo ẹ̀rọ, ó fọwọ́ kàn án. Ó kọ̀. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tún kàn án. Ó kọ̀. Ìgbà kẹta, ó rọra ṣe é bí ẹni ń gbé ẹyin. Ó kọ̀, ó sì tì pa. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, "Àgbà ti dé ni." Mo dìde, mo wọlé pẹ̀lú orúkọ tèmi, mo sì fi ohun gbogbo han àwọn àlejò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò ní parọ́ fún yín: inú mi dùn.

Tómi wo fóònù rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ àwòrán yín lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀."

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Oko mà ni mo wà." Ó yíjú sí mi. "Tíṣà mi, ṣé mo wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì?"

Mo ní, "O wá o. O gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Gbólóhùn mẹ́ta yẹn, bí mo bá lè fi eyín já ahọ́n tó sọ ọ́, ǹ bá já a. Ó wò mí. Mo rí i bó ṣe ń wá ọjọ́ Ẹtì náà kiri nínú ara rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì tí kò sí. Èmi ni tíṣà. Ó gbà mí gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbàgbé nìyẹn."

Tómi jẹ́ kó yan àwòrán mìíràn, àmọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ fi ipò ìyá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé mẹ́rin kan náà ni yóò yàn. Lóṣù kejì, ó ń wọlé geere, àwọn obìnrin sì tún ń sọ pé kó padà máa ṣe ìyá ẹgbẹ́. Mo tún ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lè pè é ní owú. Ìgbà kejì, ẹ bá mi wá orúkọ fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, Tómi ránṣẹ́ pe Bọ́sẹ̀ láti Ìkàrẹ́, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. A jókòó nínú gbọ̀ngàn, àwa mẹ́rin. Tómi rọra sọ pé, "Màmá, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni. Ẹ sọ àwòrán mẹ́rin tí ẹ yàn fún mi. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Ìyá Bọ́sẹ̀ na ìka. "Agogo. Ọkọ̀. Iṣu."

"Ìkẹrin ńkọ́, Màmá?"

Ó la ẹnu. Ó wo Bọ́sẹ̀. Ó wo èmi. Ìka kan ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, kò ká a sílẹ̀. Gbogbo ohun tó máa gbà á sílẹ̀ kò ju kó sọ pé "lékeléke," kí ọmọ rẹ̀ sì bi í pé kí ló dé. Kò lè sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, "N kò mọ̀."

Bọ́sẹ̀ bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà ló kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́.

Ẹ ò rí i, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan sítóòfù. Láràárọ̀ ni wọ́n á bi í pé, "Màmá, ọjọ́ wo la wà lónìí? Kí lorúkọ ọmọ Fẹ́mi?" Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń dán iyè rẹ̀ wò láràárọ̀, tó bá yá, òun náà á máa fura sí i. Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Kí ó tó sọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ wo ojú ènìyàn, á ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Kò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ tó fi di pé kò mọ̀ mí dájú mọ́. Dókítà ní àìsàn àgbà ni, pé kò sí ẹni tó lè fà á. Dókítà kò mọ ohun tí mo ṣe.

Mo di ìyá ẹgbẹ́ lóòótọ́. Kí ọdún tó yí po, Tómi kò wá mọ́, àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà wá kò bèèrè wa mọ́. Àwọn ẹ̀rọ náà wà nínú gbọ̀ngàn báyìí, mo fi aṣọ bò wọ́n, wọn kò tàn mọ́. Ohun tí mo torí rẹ̀ ṣe é nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ jẹ́wọ́. Bọ́sẹ̀ wà nílé ìdáná. Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ mà," bí ìgbà tó ń kí àlejò. Ó ń fi "ẹ" pe èmi! Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́. Mo ní, "O ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni." Ó ń mi orí. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ kó gbọ́ mi. Mo fẹ́ kó bú mi, kó gbá mi létí. Ni mo bá pè é ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè é láti àádọ́ta ọdún. Mo ní, "Ìyá Délé."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n?"

Kíá ló dáhùn. Ó dìde dúró fúnra rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Àjọwá, wàràwàrà, bí ọmọge. N kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju Délé lọ. Délé, Délé. Mo mú báàgì mi, mo sá.

Ìgbà tí Bọ́sẹ̀ wá pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tó sọ rèé: "Mà, láti ọjọ́ tí ẹ ti wá, Màmá kò gbé jẹ́ẹ́ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ń bu oúnjẹ wọn pa mọ́ de ẹnìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, wọ́n á gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á wo èékánná rẹ̀, wọ́n á tún fi í sílẹ̀. Délé ni wọ́n ń pè. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni Délé?"

Mo ní, "N kò mọ̀. Àìsàn yẹn ló ń sọ̀rọ̀."

Dókítà ti fún un ní oògùn báyìí kó má baà máa pe orúkọ náà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún Bọ́sẹ̀, mo ti tú ohun tí ìyá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tó fara mọ́ kí wọ́n pè é ní aláìníyè dípò kó sọ ọ́. Bí n kò bá sọ, ohun kan ṣoṣo tó ṣì rántí ni wọ́n á fi oògùn pa mọ́ ọn nínú. Kò sì sí ẹni tó lè mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ọmọ náà sí kí n lọ bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. N kò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹni tó lè dárí jì mí kò mọ̀ mí mọ́.

Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Fóònù mi ń dún báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Bọ́sẹ̀ ni. N kò tíì gbé e.